Orí Kẹrin: Iye Ọkọ̀ Inú Ìwé àti Iye Ọkọ̀ Ojú Òfurufú

Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ojú òfurufú tí ó bo etíkun Àgbádárìgì kò ju ohun tí ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì lè là kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Síbẹ̀, ojú ọ̀nà kúkúrú yìí ni ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, tí ó dorí kọ Kútọnu, Lomé, Accra tàbí Àbíjàn ń tọ̀, òun náà ni àwọn tí ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ fi ń wọlé, ohùn wọn kì í sì í ṣe àjèjì létí àwọn apẹja erékùṣù Gberefu. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Òtítọ́ ni fún ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kì í fò bí ó ti wù ú, ojú ọ̀nà tí a là sílẹ̀ ni ó ń tọ̀, ní gíga tí a yàn fún un, pẹ̀lú àlàfo tí òfin ní kí ó wà láàrin òun àti èkejì rẹ̀, ọmọ ènìyàn ẹlẹ́ran ara, tí ó ní etí méjì àti ẹnu kan, ni ó sì jókòó sídìí rédà tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí iye wọn bá ju ohun tí ọmọ ènìyàn yìí lè mú mọ́ra, ewu ti wọlé, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ gaara.

Nítorí èyí ni a fi ń ka ọkọ̀ kí wọn tó dé. Iye méjì ni olùṣètò ọ̀wọ́ ọkọ̀, ẹni tí iṣẹ́ ìkà yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, máa ń ní níwájú: èkíní ni èyí tí ó fà yọ láti inú ìwé ètò ìrìnàjò tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fi ránṣẹ́, èkejì ni iye tí ó wọ ẹkùn, ìyẹn apá ojú òfurufú tí adarí ọkọ̀ kan ń mójú tó láti ìdí rédà, ní tòótọ́, tí rédà rí, tí adarí náà sì dá lóhùn. Mo kọ orí ìwé yìí fún òṣìṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sídìí iṣẹ́ náà, nítorí ó dá mi lójú pé àṣìṣe tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ti inú àìmọ ìṣirò wá, inú kí a gba iye inú ìwé bí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tán ni ó ti ń wá. Oníṣòwò àgbọn ní Àgbádárìgì kì í gba owó oníbàárà sórí àgbọn tí ó ṣì wà lórí igi láìmọ ẹni tí yóò gun igi náà, ọjọ́ tí yóò gùn ún, àti iye tí ó sábà máa ń fọ́ bí ó bá já bọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó yẹ kí olùṣètò mọ ìtàn ìwé kọ̀ọ̀kan kí ó tó kà á mọ́ ọjà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ìwé náà wò. Òfin àjọ ICAO, tí ń ṣe àmójútó ìrìnnà òfurufú lágbàáyé, béèrè pé kí ìwé ètò ìrìnàjò wọlé ó kéré tán ìṣẹ́jú 60 kí ọkọ̀ tó gbéra, àti wákàtí mẹ́ta ṣáájú fún ọkọ̀ tí ètò ọ̀wọ́ lè kàn. Àkókò tí a kọ síbẹ̀ ni àkókò tí ọkọ̀ yóò kúrò ní ìdúró rẹ̀, kì í ṣe àkókò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kúrò nílẹ̀. Láàrin méjèèjì ni ìrìn orí ilẹ̀ wà, ìrìn náà kò sì rí bákan náà lójoojúmọ́. Ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì ni Ìkẹjà ní, èyí tí ó gùn jù jẹ́ mítà 3,900, èkejì tí ó wà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ abẹ́lé kúrú sí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀nà kejì yìí kò fi ní iná lójú, títí a fi tì í ní 2022 láti fi iná sí i; ní gbogbo àkókò náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, gbogbo ọkọ̀ abẹ́lé a máa rìn gba ọ̀nà jíjìn lọ sí ọ̀nà ńlá, wọn a sì tún máa rìn padà. Ẹni tí ó bá fi iye ìṣẹ́jú ìrìn orí ilẹ̀ ti òwúrọ̀ ṣírò ti alẹ́ nígbà náà ti ṣìnà kí ọkọ̀ kankan tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ aago tún wà níbẹ̀, ó kéré lójú ṣùgbọ́n ó ti da ọ̀pọ̀ ìṣirò rú. Aago àgbáyé tí a ń pè ní UTC ni a fi ń kọ gbogbo ìwé náà. Aago Nàìjíríà àti ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, nígbà tí ti Tógò àti Gánà bá a dọ́gba. Ọkọ̀ tí ó bá kúrò ní Accra ní aago mẹ́ta ọ̀sán àwọn ará ibẹ̀, tí ó sì lo wákàtí kan lọ́nà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni yóò bá ní Ìkẹjà. Èyí tí ó bá sì kúrò ní Èkó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago méjìlá òru, aago 2330 ọjọ́ tí ó ṣáájú ni a kọ sínú ìwé rẹ̀. Má ṣe fi ẹnu ṣe é: kọ aago méjèèjì sójú ìwé rẹ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, kí o sì wo ọjọ́ kí o tó wo wákàtí.

Bí a bá ti fọ èyí mọ́, a lè wá fi iye méjèèjì wé ara wọn, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ sí. Mo ṣe àpẹẹrẹ kan fún ẹ̀kọ́ yìí nìkan. Ní aago kan ọ̀sán, ìwé sọ pé ọkọ̀ 14 ni yóò wọ ẹkùn etíkun láàrin aago márùn-ún sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a ka ohun tí rédà rí, ó sì jẹ́ 14 géérégé. Ọ̀gbẹ̀rì yóò pàtẹ́wọ́, yóò sì pa ìwé rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n kí ó mú orúkọ-ìpè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò rí i pé 2 nínú àwọn tí ó retí kò gbéra rárá, pé 3 sún sí wákàtí tí ó tẹ̀ lé e, tí ó fi jẹ́ pé 9 péré ni ó mú ìlérí ṣẹ. Àwọn 5 tí ó dí àlàfo náà kò sí lára àwọn tí ó retí: 3 yẹ kí ó ti kọjá ní wákàtí tí ó ṣáájú, 1 yára dé, 1 kò sì sí nínú ìṣirò ẹkùn náà rárá, ìjì ni ó lé e yà síbẹ̀. Nígbà náà, òfo tí ó rí nígbà tí ó yọ 14 kúrò nínú 14, ìyàtọ̀ mẹ́wàá ni ó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, márùn-ún tí ó ṣaláìwá àti márùn-ún tí ó wá láìpè.

Nítorí náà, má ṣe kọ iye kan ṣoṣo sílẹ̀ fún wákàtí kan. Kọ iye àwọn tí ó wá bí wọ́n ti wí, kọ iye àwọn tí ó kùnà, kọ iye àwọn àlejò àìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, gé wákàtí náà sí ìṣẹ́jú ogún-ogún, nítorí 14 tí ó tò tẹ̀lé ara wọn ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹrù kan náà pẹ̀lú 14 tí 8 nínú wọn rọ́ wọlé láàrin ogún ìṣẹ́jú. Yàtọ̀ sí iye tí ó wọlé, tún wo iye tí ó wà nínú ẹkùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá ní etíkun wa yìí níbi tí àwọn kan ti ń gòkè bọ̀ láti Ìkẹjà tí àwọn mìíràn sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti Accra. Ọkọ̀ mẹ́rin tí ń kọjá ara wọn ní òkè àti ìsàlẹ̀ a máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu adarí ju mẹ́jọ tí ń lọ ní ipele kan lọ.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ohun tí ń mú kí iye inú ìwé yapa kúrò lára iye ojú òfurufú pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tóbi bákan náà. Olórí wọn, lójú tèmi, ni ìdákẹ́. Òfin sọ pé bí ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìdarí yóò bá pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí àkókò tí ó kọ, kí a tún ìwé rẹ̀ ṣe tàbí kí a kọ òmíràn. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ DLA wà fún ìdádúró, CHG wà fún àyípadà, CNL wà fún ìwé tí a fagi lé. Kò gba ẹni tí ó jókòó ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní àsìkò púpọ̀ láti fi wọ́n ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo kò bá tíì dé, tí èrò ń ké, tí táyà kan sì fẹ́ pààrọ̀, ẹni náà a gbàgbé, ìwé tí ó ti kú a sì máa jókòó sínú ìṣirò bí alààyè, tí ó gba ààyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí èyí ń ṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ bébà lásán. Nítorí ọkọ̀ kan tí kò ní í gbéra lónìí, a lè dá òmíràn dúró tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti tì, tí ìyá ọlọ́mọ wẹ́ẹ́rẹ́ ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ nínú ooru, tí ẹni tí ń lọ fún ìtọ́jú ní Accra sì ń wo aago. Ó máa ń dùn mí gidigidi, nítorí ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá tú gbogbo wọn sílẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ọkọ̀ kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lójúmọ́. Èyí tí ó kó èrò lọ sí Àbújá ní òwúrọ̀ ni yóò kó òmíràn wá sí Èkó, òun náà ni yóò tún forí lé ibòmíràn ní ọ̀sán; bí ó bá fi ogójì ìṣẹ́jú pẹ́ ní ìrìn kìíní, gbèsè náà a máa gorí ara wọn títí di alẹ́. Nítorí èyí, iye inú ìwé ti òwúrọ̀ ni ó máa ń sún mọ́ òtítọ́ jù, ti ìrọ̀lẹ́ ni ó máa ń jìnnà jù. Mọ̀ pẹ̀lú pé àwọn pápákọ̀ kan wà ní ilẹ̀ wa tí iṣẹ́ wọn ti máa ń parí bí oòrùn bá wọ̀: ọkọ̀ tí ìdádúró bá mú kọjá àkókò yẹn kò ní í pẹ́ dé, kò ní í lọ rárá ni. Nítorí náà, nígbà tí o bá rí ìwé ètò sí irú ibẹ̀ ní ọ̀sán, wo àkókò tí oòrùn yóò wọ̀, yọ ìṣẹ́jú ìrìnàjò kúrò nínú rẹ̀, kí o sì béèrè ibi tí ọkọ̀ náà wà ní báyìí.

Ojú ọjọ́ ni ìdí kẹta. Ìjì líle ti ilẹ̀ wa, tí ó máa ń ti ìlà-oòrùn rọ́ lọ sí ìwọ̀-oòrùn, a máa tò bí ògiri dúdú, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí àkókò òjò. Bí ó bá dé Ìkẹjà, àwọn tí ó fẹ́ gbéra a dúró, àwọn tí ń bọ̀ a yí kiri lókè, àwọn tí ó ti jáde sí etíkun a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí wọn yà sí orí òkun, sí gúúsù Àgbádárìgì, níbi tí ìwé kò kọ pé ẹnikẹ́ni yóò gbà. Bí ìjì bá sì ti kọjá, gbogbo àwọn tí ó dúró a fẹ́ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wákàtí tí ó tẹ̀ lé ìjì ni kí o máa bẹ̀rù ju wákàtí ìjì fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọyẹ́, láti bí oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, eruku tí ó ti Sàhárà wá a máa dín ojú ríran kù, ìyàtọ̀ a sì wá nípa ìwé tí a fagi lé ju nípa àlejò lọ.

Inú rere adarí ọkọ̀ pẹ̀lú wà lára ohun tí ń fa ìyàtọ̀ náà. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá dá, ó lè sọ fún awakọ̀ òfurufú pé kí ó gé tààrà lọ, èyí dára fún epo àti fún èrò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà yóò dé ẹkùn tí ó tẹ̀ lé e ṣáájú àkókò rẹ̀, tàbí kí ó gba ẹkùn tí kò kọ sínú ìwé. Èmi kò sọ pé kí a fi í sílẹ̀; ohun tí mo ń sọ ni pé kí olùṣètò gbọ́ nípa rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó débẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, má ṣe fi ojú kan wo ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn àti ti ọ̀nà kúkúrú. Ọkọ̀ tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ti wà lójú òfurufú fún ju wákàtí mẹ́fà lọ kí ó tó dé. Bí ó ti gbéra ni a ti mọ̀ ọ́n, ohun tí ó kù láti yàtọ̀ nínú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí yóò gbéra ní Kútọnu wá sí Èkó ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí o ń kà á. Bí ó bá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́ nílẹ̀, ogún ìṣẹ́jú gangan ni yóò fi pẹ́ dé ẹkùn rẹ, kò sí ibi tí yóò ti san án padà. Etíkun Àgbádárìgì sì kún fún irú ọkọ̀ ọ̀nà kúkúrú báyìí, òun ni ó fi jẹ́ pé ìwé ẹkùn yìí ṣòro gbà gbọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹkùn lọ.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tí ó tóbi ju ti ọjọ́ kan lọ, tí a sì ti rí i lójú wa. Ní 8 oṣù kẹta 2017, a ti pápákọ̀ òfurufú Àbújá pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti tún ọ̀nà ìbalẹ̀ rẹ̀ ṣe, ètò sì ni pé kí gbogbo ọkọ̀ máa lọ sí Kàdúná. Ìwé ètò náà gún régé. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, Ethiopian Airlines nìkan ni ó gbà láti máa balẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn yòókù kò lọ, Èkó sì ni púpọ̀ nínú èrò wọn gbà. Iṣẹ́ náà parí, a ṣí Àbújá ní 18 oṣù kẹrin, ọjọ́ kan ṣáájú àdéhùn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ fún olùṣètò ni pé àṣẹ kì í sọ ibi tí ọkọ̀ yóò lọ. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó ń sọ ọ́, kí a sì bi í léèrè kí a tó ka ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ibikíbi.

Ti Àbújá, a ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ó ń bọ̀. Ti Nìjẹ̀r kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀-gbàjọba 26 oṣù keje 2023, àwọn ológun ibẹ̀ ti ojú òfurufú wọn pa ní 6 oṣù kẹjọ, láìsí ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn kò sì ṣí i títí di 4 oṣù kẹsàn-án. Ojú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń ti Yúróòpù wá sí ilẹ̀ wa gba orí Nìjẹ̀r. Àwọn kan tí ó ti gbéra yíjú padà, àwọn yòókù sì wá ọ̀nà mìíràn gbà. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá kò wúlò mọ́ fún wíwọn ọ̀sẹ̀ yìí: pa á tì sápá kan, bẹ̀rẹ̀ ìkà tuntun láti ọjọ́ kìíní, kí o sì dín iye tí o lérò pé ẹkùn rẹ lè gbà kù títí àwọn adarí yóò fi mọ ìrìn àwọn àlejò náà.

Kí ni olùṣètò yóò wá ṣe sí ìyàtọ̀ tí ó ti mọ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni ààyè tí a ń fi sílẹ̀. Bí ẹkùn bá lè gba 16 ní wákàtí kan, má ṣe kún un dé 16 nínú ìwé, nítorí àlejò àìròtẹ́lẹ̀ yóò wá. Ṣùgbọ́n má ṣe fi ìbẹ̀rù fi ààyè mẹ́fà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ààyè tí ó ṣófo lókè ni èrò tí ó dúró nílẹ̀ láìnídìí. Wo àkọsílẹ̀ irú wákàtí bẹ́ẹ̀, ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ní irú àkókò ọdún bẹ́ẹ̀, kí o wo iye àlejò tí ó sábà máa ń wá, kí o sì fi ìyẹn sílẹ̀. Ààyè ọyẹ́ kò yẹ òjò, ti òwúrọ̀ kò yẹ alẹ́.

Ohun kejì ni ìgbà tí ó yẹ kí a dá sí i. Ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ohun tí o rí kò ju ìkìlọ̀ lọ. Sọ ọ́ fún ọ̀gá adarí, má ṣe dá ẹnikẹ́ni dúró nítorí rẹ̀. Ní wákàtí méjì, gbé tẹlifóònù, bi àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì gbá ìwé òkú dànù. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí wákàtí kan ni kí o tó pinnu, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó kéré jù: ìṣẹ́jú márùn-ún nílẹ̀ fún ọkọ̀ kan, gíga mìíràn fún èkejì. Dídúró nílẹ̀ sàn ju yíyí kiri lókè lọ, nítorí epo tí ó bá jóná lókè kò ní í padà mọ́. Ní Yúróòpù, níbi tí àjọ EUROCONTROL ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti Brussels, ọkọ̀ tí a bá fún ní àkókò ìgbéra lè fi ìṣẹ́jú 5 yá tàbí ìṣẹ́jú 10 pẹ́, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ó dára kí àwa náà ní ààlà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí àkókò tí kò ní ààlà kò yàtọ̀ sí àìfúnni ní àkókò.

Accra kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò gbọ́ nípa ìpinnu rẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ojú òfurufú Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí Èkó bá sì tú sílẹ̀ lẹ́yìn ìjì, ọwọ́ wọn ni yóò bọ́ sí kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Bí ọkọ̀ márùn-ún bá fẹ́ jáde tẹ̀lé ara wọn, pè wọ́n kí èyí àkọ́kọ́ tó gbéra, sọ iye wọn, sọ bí o ṣe fẹ́ fi àlàfo sí wọn láàrin, kí o sì gbọ́ tẹnu wọn. Bí wọ́n bá ní mẹ́ta ni àwọn lè gbà, mẹ́ta ni kí o tú sílẹ̀.

Ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ náà, kí olùṣètò tí ń lọ sílé kọ orúkọ-ìpè gbogbo ọkọ̀ tí kò tíì gbéra sínú ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀, ìdí rẹ̀ bí ó bá mọ̀ ọ́n, ipò ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ àti aago tí wọ́n sọ ọ́. Kí ó kọ iye àwọn tí ó mú ìlérí ṣẹ, àwọn tí ó kùnà àti àwọn àlejò, wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí ó sì fa ìlà sórí àwọn ìwé tí ó ti kú, kí ẹni tí ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ má baà kà wọ́n mọ́ ti alẹ́.